Jẹ́ Kí Ẹfun Sùn

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà tó ti Lántòrò sọ̀ kalẹ̀,
ìjókòó kan wà níwájú ṣọ́ọ̀bù wa:
òkúta mábù, ó tẹ́jú, ó tutù nídìí lọ́sàn-án.
Oníbàárà á jókòó lé e, á máa retí kó kan òun.
Kò mọ̀ pé orúkọ wà lábẹ́ òun.

Baba Ṣótúndé ló dojú rẹ̀ bolẹ̀.
Ọ̀gá mi ni. Ogójì ọdún ló fi gbẹ́ lẹ́tà sára òkúta ibojì.
Lọ́jọ́ kan nínú ẹ̀ẹ̀rùn, iná ń ṣẹ́jú, oníbàárà ń kánjú,
ó gbé ìwé tí wọ́n kọ iṣẹ́ sí.
Orúkọ méjì ló wà níbẹ̀: ti ẹni tó kú, ti ẹni tó sanwó.
Ó gbẹ́ ti ẹni tó sanwó.

Lọ́jọ́ Sátidé, Ọ̀gbẹ́ni Fọlárìn gbé ọkọ̀ akẹ́rù dé,
ó ká aṣọ kúrò lójú òkúta,
ó ka, "Sùn re o, Fọlárìn, baba rere,"
ó sì wo ọwọ́ ara rẹ̀ méjèèjì
bí ẹni tó ń wò ó bóyá wọ́n ṣì wà níbẹ̀.
Kò pariwo. Ì bá pariwo, ì bá sàn.

Láti ọjọ́ náà la ti ń ṣe bí a ṣe ń ṣe.

Bí iṣẹ́ bá wọlé, ìbéèrè kan ló ṣáájú owó,
kò dùn ún bi ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀, mo mọ̀:
"Ta ló kú? Ta ló wà láàyè?"
Ká ní kí ẹbí fẹnu ara wọn pe orúkọ náà,
ká gbọ́ ibi tí ohùn ti gòkè, ibi tó ti sọ̀ bí ọ̀nà Aké.
Àmì abẹ́ Ṣ kò ju hóró ọkà bàbà lọ;
bó bá já bọ́, ìdílé kan ti di àlejò lórí ibojì ara wọn.
Ìlú tó ń gbé abẹ́ òkúta
kò yẹ kó fi òkúta parọ́.

Lẹ́yìn náà, ẹfun. Ká fi ẹfun kọ gbogbo rẹ̀,
ká ti ilẹ̀kùn, ká lọ sílé.
"Jẹ́ kí ẹfun sùn," lọ̀gá mi máa ń wí.
Ojú tó kọ ọ́ lálẹ́ ti fẹ́ràn rẹ̀ jù.
Ojú òwúrọ̀ ò mọ̀ ọ́n rí, òun ni kó kà á.

Mo ń kà á láti ẹ̀yìn wá síwájú,
ìka lábẹ́ lẹ́tà, bí ẹni ka owó àjọ,
torí ojú tó mọ̀wé a máa fò,
a máa ka ohun tó yẹ kó wà níbẹ̀.
Mo wá pe Bọ́sẹ̀dé, ọmọ onígúgúrú ẹ̀gbẹ́ wa.
Ọmọ ọdún mẹ́jọ, kò tíì lè méfò,
ẹyọ kọ̀ọ̀kan ló ń jẹ lẹ́tà bíi gúgúrú.
Òun ló rí 1947 tí mo sọ di 1974:
ìyá àgbà ì bá di àbúrò ọmọ tó bí.

Oníbàárà á ní, "Ṣé ẹ ò mọṣẹ́ ni?"
A mọ̀ ọ́n. Mímọ̀ yẹn gan-an ló ń bà wá lẹ́rù.
Ẹfun ṣeé fi aṣọ nù;
òkúta kì í gba ẹ̀bẹ̀.

Lọ́dún tó kọjá, ọ̀gá mi sùn, kò jí.
Wọ́n ní kí n gbẹ́ tirẹ̀.
Mo bi ìyàwó rẹ̀: "Ta ló kú? Ta ló wà láàyè?"
Ó wò mí títí. Ó rẹ́rìn-ín. Ó wá sunkún,
ó sì dá mi lóhùn.
Mo fi ẹfun kọ ọ́. Mo jẹ́ kó sùn.
Láàárọ̀, Bọ́sẹ̀dé ń kà á bọ̀ láti ẹ̀yìn, ó dúró:
"Bọ̀dá, àmì abẹ́ Ṣ dà?"

Ẹ̀ẹ̀mẹta lojú mi ti rí i níbẹ̀.
Kò sí níbẹ̀.

Mo jókòó lórí òkúta Fọlárìn. Ó tutù.
Mo dúró kí ọwọ́ mi rọlẹ̀
kí n tó mú ẹfun.