Oko Inú Àpò

Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́tàdínlógún ní gígùn,
mọ́kànlá ní ìbú,
ẹ̀yìn ilé tí mo háyà ní Kúbwà.
Àbúrò mi Adégorọ̀yè wá kí mi,
ó yọjú lójú fèrèsé, ó rẹ́rìn-ín:
"Ṣé oko rèé, àbí ibojì?"
Mo ní bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ.
Ẹnu lásán ni mo fi sọ ọ́.

Lọ́dún kìíní, àgbàdo ni mo gbìn síbẹ̀
bí bàbá mi ti ń gbìn ín nílé,
níbi tí ojú kì í ti í rí òpin ilẹ̀.
Mo ká ọmọ àgbàdo mọ́kànlélógójì.
A sè é, a jẹ ẹ́,
ó tán.
Ẹ bi mẹ́ruwà tó ń ti ọmọlanke bọ̀ láràárọ̀
ta ló jèrè oko ọdún náà.

Làrábà ló là mí lójú,
obìnrin Gbàgyí tí kì í fi orí ru nǹkan,
tí igi ìdáná ń gun èjìká rẹ̀ bí ìyẹ́ ẹyẹ.
Ilẹ̀ àwọn bàbá rẹ̀ nìyí
kó tó di olú-ìlú ẹnikẹ́ni.
Ó wo pòròpórò mi, ó mí kanlẹ̀:
"Ilẹ̀ kékeré, gbin ohun tí olówó ń fi imú wá."

Ni mo bá di àgbẹ̀ ewé.
Náánáà tí wọ́n ń rẹ sínú tíì,
èfínrín òyìnbó, pásílè,
tàtàṣé pupa, tàtàṣé aláwọ̀ ìyeyè.
Èmi tí mo fi ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n tẹ òǹtẹ̀ ìjọba lu ìwé,
ẹ wá wo orúnkún mi nínú ẹrẹ̀.

Apẹ̀rẹ̀ àkọ́kọ́ tí mo gbé dé òtẹ́ẹ̀lì ní Wúsé,
kúùkù gbé ewé kan sókè, ó gbọ̀n ọ́n, ó dá a padà.
Ó ti rọ.
Ọ̀sán gangan ni mo já a, ọkọ̀ sì tún há ní Gwàrínpà.
Mo jókòó sétí títì, mo ń jẹ pásílè bí ewúrẹ́.
Láti ìgbà náà, ìdájí ni,
tọ́ọ̀ṣì lẹ́nu, àlùmọ́gàjí lọ́wọ́,
aṣọ tútù ni mo fi ń wé e bí aláìsàn.

Ìwé kan wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn mi.
Irúgbìn, omi, ọkọ̀, ìgbẹ́ adìẹ: bíró dúdú.
Èrè: bíró aláwọ̀ ewé.
Oṣù mẹ́fà ni bíró kejì ò ríṣẹ́ ṣe.
Ní Òkúdù, ó kọ̀wé.
Mo ra bàtà fún Làrábà.
Ó ní ẹsẹ̀ ò dun òun, èjìká ni.

Lánàá, onílé gbé okùn ìwọ̀n dé;
yàrá méjì ló fẹ́ kọ́ sẹ́yìnkùlé.
Ó tẹ náánáà mọ́lẹ̀, òórùn gba àgbàlá kan.
"Kí ló ń ta sánsán báyìí?"
N kò dá a lóhùn.

Lálẹ́ yìí, à ń bu iyẹ̀pẹ̀ sínú àpò ìrẹsì,
àpò kan, tàtàṣé kan.
Làrábà ń gbé wọn lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, èjìká lẹ́yìn èjìká.
Bí wọ́n bá ní ká kúrò,
oko á dìde, á bá wa lọ.
Mo ti ka mẹ́tàlélọ́gọ́ta.
Àpò ṣì kù.