Obì Pàápàá Ń Mí

Ẹ má bi mí pé ta ló fún mi láṣẹ.
Ọjọ́ Ẹtì ni, oòrùn ọ̀sán Ṣágámù
ń yọ́ ọ̀dà ojú títì níwájú báǹkì.
Mo jókòó ti agbọ̀n obì mi,
mò ń yí wọn padà lọ́kọ̀ọ̀kan,
mò ń fi ewé tútù pààrọ̀ ewé gbígbẹ,
nítorí obì tí a bá dé mọ́ ooru
kì í pẹ́ dúdú nínú.

Ọkọ̀ kan dúró, gíláàsì rẹ̀ ṣú bí omi kànga.
Obìnrin bọ́ sílẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn: pí-pí.
"Ìṣẹ́jú márùn-ún," ló wí, kì í ṣe fún mi,
fún ẹni tó wà nínú lọ́hùn-ún.

Ìṣẹ́jú márùn-ún báǹkì!
Mo ti ta ogójì obì,
àwọn ará mọ́ṣáláṣí ti kí Jímọ̀ tán,
kí n tó rí àtẹ́lẹwọ́ kékeré kan lára gíláàsì,
ó lẹ̀ mọ́ ọn,
ó ń yọ̀ wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Ojú méjì ní í bímọ, igba ojú ní í wò ó:
gíláàsì ṣíṣú ti fọ́ igba ojú.
Mo gbé òkúta tí mo fi ń tẹ ewé.
Ẹ̀ẹ̀kan. Ẹ̀ẹ̀kejì.
Ooru tú síta bí ẹni ṣí ìkòkò lórí iná.
Ọmọdébìnrin ni, irun rẹ̀ rin gbindin, ètè gbẹ.
Kò sunkún.
Àìsunkún yẹn ló bà mí lẹ́rù jù.

Ọlọ́pàá Ṣóbándé dé, bírò lọ́wọ́.
Òfin tó de ẹni tó fọ́ gíláàsì onígíláàsì,
ó mọ̀ ọ́n lórí.
Èyí tó de ẹni tó ti ọmọ mọ́ inú ààrò,
ó ní òun á bi ọ̀gá òun lọ́jọ́ Ajé.
"Kọ ọ́ nígbà náà, pé ní Rẹ́mọ obì pàápàá ń mí,
a kì í kó o sínú ọ̀rá ká so ó lẹ́nu."
Kò kọ ọ́. Ó ń wo ọmọ tó ń mu omi ife mi.

Ìyá ọmọ jáde. Ó rí gíláàsì, ó figbe ta.
Lẹ́yìn náà ló rí ẹni tó wà láyà mi.
Owó ọwọ́ rẹ̀ bọ́, afẹ́fẹ́ ń gbá a lọ sí gọ́tà,
kò wò ó.
N ò bú u. Èmi náà ti tẹ́ ọmọ sábẹ́ àtẹ rí,
mo lọ ra ewé, mo pẹ́.
Àtẹ ò ní gíláàsì; onítọ́ọ̀ṣì ẹ̀gbẹ́ mi gbọ́ ẹkún rẹ̀.

Ọkọ rẹ̀ ní kí n san owó gíláàsì.
Mò ń san án, oṣù kẹta rèé.
Ìyàwó ní í wá gbà á, ọmọ lẹ́yìn rẹ̀,
owó náà ló sì fi ń ra obì lọ́wọ́ mi.