Ìyá Mi Mẹ́rìnlélógún

Ọdún tí kòkó so débi tí ẹ̀ka ń fàyà wọ́lẹ̀
ni ọkùnrin kan wọ Odòjọmu, nílùú Oǹdó,
ó gbé ẹ̀rọ ayàwòrán kọ́rùn, ẹ̀rọ olójú kan.
A pè é ní Jámánì. Ojú rẹ̀ le.
Ó ní Ṣẹ́ẹ̀kì lòun, ìlú àwọn ò fẹnu kan òkun,
ó jókòó, ó fìka ya odò kan sórí iyẹ̀pẹ̀,
ó ya afárá lé e: Pírágù.
Orúkọ rẹ̀, Sídẹ́nẹ́ẹ̀kì, ń kọ́ ahọ́n.
Bàbá mi Akíndùrọ́ kúkú sọ ọ́ di Adénẹ́kan,
ló bá di ọmọ adé láìná kọ́bọ̀.

Ọjọ́ mẹ́ta ló tẹ̀lé ìyá mi
láti ìdí igi dé ibi tí a ń sá kòkó sí.
"Má wo ẹ̀rọ," ògbufọ̀ ń bẹ̀ ẹ́,
"ṣe bí ẹni pé kò sẹ́nì kankan níbẹ̀."
Ìyá mi ní: Nínú oko mi?
Kí n máa ṣe àlejò bí ẹni tí kò sí?
Gbogbo ìgbà tó bá ti la kòkó kan tán
ló ń gbójú sókè: "Ẹ kú iṣẹ́ o! Ẹ kú oòrùn!"
Fíìmù ń ṣòfò. Adénẹ́kan ń kùn sínú irùngbọ̀n.
Ìṣẹ́jú mọ́kànlá péré ni gbogbo eré náà yóò jẹ́,
ìyá mi ò ní ju òkèlè iyán kan lọ nínú rẹ̀.
Ó ní òun á fi ránṣẹ́.

A retí, retí.
Ní alẹ́ ọjọ́ kan, rédíò Fọláhan télọ̀
ní ọkọ̀ ogun onírin ti wọ Pírágù.
Ìyá mi, tí kì í bi ẹnikẹ́ni léèrè ogun,
dá fìtílà dúró lọ́wọ́:
"Ṣé orí afárá yẹn ni wọ́n gbà?"

Mo ti wọ ìwé kẹta nígbà tí agolo pẹlẹbẹ kan dé,
sítám̀pù bò ó, kò sí lẹ́tà.
Fíìmù inú rẹ̀ ò gùn tó ọ̀já ìkókó.
Ọkọ̀ sinimá ìjọba ti kú sẹ́yìn káńsù,
alángbá ló ń wò ó.
A bá mú fíìmù bọ́ sí gbangba lọ́sàn-án gangan,
a nà án sójú oòrùn.

Ìyá mi rèé, kékeré bí èékánná.
Ìyá mi tún rèé, lábẹ́ ara rẹ̀.
Mo kà wọ́n, wọ́n jẹ́ mẹ́rìnlélógún,
gbogbo wọn ò ju ìṣẹ́jú àáyá kan lọ.
Ó wò wọ́n títí.
"Báwa ṣe pọ̀ tó yìí, ta ló ń ṣiṣẹ́?"
Kò sẹ́ni tó ń ṣiṣẹ́. Gbogbo wọn gbójú sókè,
gbogbo wọn lanu sí ọ̀kánkán ẹ̀rọ:
ohun tó ní kó má ṣe
gan-an ló gé ránṣẹ́.

Bóyá ìyókù wà nínú àjà ilẹ̀ kan lọ́hùn-ún,
tí ohùn ọkùnrin ń pe kòkó ní *kakao*
lórí ọwọ́ ìyá mi, n kò mọ̀.
Èyí tó wà lọ́wọ́ mi ti ń kan,
ó ń rùn gẹ́lẹ́ bí kòkó tí a fewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò.
Ọmọ ọmọ mi fọwọ́ dí imú: "Ṣé ó ti bàjẹ́ ni?"
Mo ní rárá.
Ẹ má tí ì ṣí i.