Ajá Òṣùpá

Ìlú mẹ́rin ló dáwó ra ojú kan.
Wọ́n gbé e sórí òkè lẹ́yìn Òkè-Baálẹ̀, ní Òṣogbo,
wọ́n fi òrùlé rìbìtì bò ó bí ẹni fi igbá dé ẹyin,
wọ́n fún mi ní kọ́kọ́rọ́, gírísì agolo méjì,
àti ìwé kan tí a fi okùn so mọ́ tábìlì
kí ẹnikẹ́ni má baà gbé e sá lọ.

Inú ìwé náà la ti ń pín òru.
Ọjọ́ Ajé, ti Ìlọrin. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ti Àkúrẹ́.
Ìwó gba Ọjọ́rú, wọ́n sì ń kùn pé ìkùukùu fẹ́ràn Ọjọ́rú.
Ọjọ́bọ̀ ni tiwa, àwa onílé,
bí wọn kò bá tíì bà á jẹ́ kó tó kàn wá.
Ọjọ́ tó kù, èmi àti eruku la ni ín.

Wọ́n ní ewúrẹ́ àjọní, ebi ní í pa á.
Èmi ni mo ń já ewé fún èyí.

Ọyẹ́ dé, ó fi ẹfun kun jígí náà lójú.
Ẹ má fi aṣọ nù ún! Mo ti kọ ọ́ sára ògiri lẹ́ẹ̀mejì.
Àlejò kan láti Àkúrẹ́ fi etí agbádá nù ún lọ́dún èṣí;
ilà tó bù fún un ṣì wà níbẹ̀ dòní,
àbàjà tí kò sí nínú ìran rẹ̀.
Rọ́bà afẹ́fẹ́ ni mo ń lò, fìì, fìì,
bí ẹni ń fẹ́ iná tí kò fẹ́ kó jó.
Bí ìyẹn kò bá ràn án, omi tí kò ní iyọ̀, òwú rírọ̀,
ọwọ́ ẹni tó ń wẹ ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ.
N kì í mí títí n ó fi parí.

Alángbá yé ẹyin mẹ́ta sáàárín eyín ẹ̀rọ tó ń yí òrùlé.
Mo kó wọn sínú iyanrìn lẹ́yìn ilé, mo kọ ọ́ sílẹ̀:
*Alángbá. Ẹyin mẹ́ta. Òrùlé ti ń yí.*
Ìlọrin fèsì sábẹ́ rẹ̀: *Ẹ kú ewu ọmọ o.*

Ọjọ́bọ̀ mẹ́ta ni Rọ́fíátù ti rìn wá láti Àlékúwodò.
Èkíní, kùrukùru ọyẹ́.
Èkejì, kámẹ́rà kọ̀, kò jí.
Ẹ̀kẹta, eku ti jẹ wáyà.
Lọ́jọ́ kẹrin, ojú ọ̀run mọ́ kedere,
ìrọ̀lẹ́ ń ri ara rẹ̀ sínú aró díẹ̀díẹ̀,
ni iná bá lọ.
Jẹnẹrétọ̀ wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó dákẹ́.

Bàbá Jìmọ́ọ̀ tó ń ṣọ́ géètì bọ́ bàtà,
ó di apá kan wíìlì mú, mo di ìkejì mú,
a fi ọwọ́ yí òrùlé. Ó ń ké
bí ilẹ̀kùn tó ń sọ fún gbogbo ilé pé ọmọ kan pẹ́ wọlé.

Àgùàlà nìkan ló ti yọ, lókè àwọn páànù tó dípẹtà.
"Ajá òṣùpá," ni Bàbá Jìmọ́ọ̀ wí, bí gbogbo wa ti ń wí.

Ọmọ náà gbé ojú lé e. Ó pẹ́.
"Àǹtí, kì í ṣe ajá.
Òun náà tẹ̀ bí èékánná.
Òṣùpá ni òun náà."

Bàbá wò. Ó sún sẹ́yìn, ó ṣí fìlà,
ó gba ẹnu géètì lọ, bàtà rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́.

Ọdún mẹ́fà ni mo ti ń wẹ ojú yìí;
imú ara mi ni mo sábà ń rí níbẹ̀.
Rọ́fíátù ní kí èmi náà wá wò.
Mo ní dúró ná, bóòtù kan ń mì.
Kí n tó dè é tán, Àgùàlà ti wọ̀.

*Ọjọ́bọ̀. Iná kò sí. Ọwọ́ la fi yí òrùlé.
Àgùàlà: ó tẹ̀. Ẹlẹ́rìí méjì.
Bóòtù kẹrin ti jẹ. Ìwó, ẹ jọ̀ọ́,
ẹ bá wa mú ọ̀kan bọ̀ ní Ọjọ́rú.*