Apá Aṣọ Gígùn

Mo ń ránṣọ ní Kétu, lẹ́bàá ọ̀nà tó lọ sí Àkàbà Ìdẹnà.
Okùn ìwọ̀n mi kì í purọ́.
Lọ́dún tí Àwẹ̀ró wọlé ọkọ, apá aṣọ rẹ̀ mọ ní èjìká;
ó ní ooru ń mú òun, ó rẹ́rìn-ín títí abẹ́rẹ́ fi bọ́ lọ́wọ́ mi.
Lọ́dún kejì, ó ní kí n fà á dé ìgúnpá.
Ọdún kẹta, ọrùn ọwọ́.
Nínú ẹ̀ẹ̀rùn ni o, nígbà tí ewúrẹ́ pàápàá ń wá ibòji.

Mo bi í. Ó ní, “Kò lù mí rí, Ìyá Rékíyà.
Ilẹ̀kùn ló gbá mi.”
Ilẹ̀kùn wo ló ní ìka márùn-ún?

Ṣùgbọ́n mo ti rí i kó tó di ọ̀rọ̀ apá.
Ọkọ rẹ̀ ló ń yan àwọ̀. Á jókòó sórí alùpùpù níwájú ṣọ́ọ̀bù,
kò ní pa ẹ́ńjìnnì.
Bí mo bá bi Àwẹ̀ró léèrè, ojú fèrèsé ló ń wò kó tó dáhùn.
Fóònù rẹ̀, ọwọ́ ọkọ ló wà.
Bó bá fi igba sẹ́fà ra iyọ̀, á ka ṣéńjì lé e lọ́wọ́, ẹyọ kọ̀ọ̀kan.
Ìyá rẹ̀ ń bẹ ní Ṣàkẹ́tẹ́; ọdún méjì, kò fojú kàn án.
Èmi náà ní, “Ìfẹ́ ni. Ó ń jowú ni.”
Èmi aránṣọ, tó yẹ kí n mọ ìgbànú yàtọ̀ sí okùn ẹran!

Lẹ́yìn ìjà, léèsì tuntun á dé.
Mo rán ẹ̀bẹ̀ mẹ́rin lọ́dún kan ṣoṣo, mo sì gbowó ọ̀yà,
kò sí èyí tó gbó kí òmíràn tó dé.

Àwọn baba wa gbẹ́ yàrà yí ìlú ká
nítorí ọ̀tá tó ń bọ̀ láti òkèèrè.
Ta ló gbẹ́ yàrà sínú yàrá?

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó mú áńkárá aláwọ̀ eérú wá.
Mo wọn àyà rẹ̀, okùn fi ìka mẹ́rin rọ̀.
Mi ò bi í nípa ilẹ̀kùn mọ́.
Mo ní, “Mo gbà ọ́ gbọ́, bó o sọ ọ́, bó ò sọ ọ́.”
Kò fèsì. Alùpùpù ń kùn níta.

Mo rán àpò kan sábẹ́ ìṣẹ́po etí aṣọ.
Owó ọkọ̀ dé Ṣàkẹ́tẹ́ wà níbẹ̀,
pẹ̀lú nọ́ńbà mi, tí mo fi òwú pupa kọ.
Nígbà tó wá gbé e, ọwọ́ rẹ̀ ń sọ̀ kalẹ̀ lára aṣọ,
ó kan ibẹ̀, ó dúró.
Ó ká a ní mẹ́rin.
“Ó bá mi mu,” ló wí.
Kò tíì wọ̀ ọ́ wò.