Dàkótà Orí Tábìlì

Ṣọ́ọ̀bù mi wà ní Òkèsà, láàárín oníṣẹ́ páànù àti ẹlẹ́rọ ata.
Aago ọwọ́ ni mò ń tún ṣe. Fóònù ti gba oúnjẹ lẹ́nu mi;
ọ̀sẹ̀ mìíràn, ẹnì kan ṣoṣo ló máa wá, pé kí n gé ẹ̀wọ̀n aago òun kúrú.
Ni mo bá há awò sójú ọ̀tún, mo mú ẹ̀mú tín-ínrín,
mo bẹ̀rẹ̀ sí í kan ọkọ̀ òfuurufú.

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Kì í ṣe èyí tọ́mọdé fi páálí ká.
Ìdá kan nínú méjìléláàádọ́rin ni:
ẹsẹ̀ bàtà méjìléláàádọ́rin lójú ogun
di ẹsẹ̀ bàtà kan lọ́dọ̀ mi.
Ìyẹ́ rẹ̀ méjèèjì, láti ṣóńṣó dé ṣóńṣó,
kò ju ìgúnpá mi sórí ọmọ ìka lọ.
Agolo mílíìkì ni awọ ara rẹ̀,
gíláàsì aago tó fọ́ ni fèrèsé awakọ̀.
Abẹ́rẹ́ ni mo fi ń tẹ àmì ìṣó sí i lára;
mo kà á dé ẹgbẹ̀rún méjì, mo jáwọ́ nínú kíkà.
Èéfín fìtílà ni mo fi pa ẹ̀yìn ẹ́ńjìnnì,
torí ohun tó ń ṣiṣẹ́ kì í mọ́ tónítóní.

Àmì róbótó ara ìyẹ́ rẹ̀ kò ní pupa nínú.
Wọ́n yọ ọ́ ní ìhà Bọ́mà: oòrùn pupa ni ọ̀tá kùn sára tiwọn,
ìbọn kì í sì í dúró béèrè.
Búlúù ìfọṣọ ni mo pò mọ́ ọ̀dà funfun.

Bàbá bàbá mi, Fágbàmígbé, wà níbẹ̀.
Kó tó lọ, òṣómàáló ni,
ó ń lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè ní ilẹ̀ Èkìtì
títí owó aṣọ yóò fi jáde.
Ó ní ní Bọ́mà, bẹ́ẹ̀ náà lòun lóṣòó nínú ẹrẹ̀,
ọjọ́ mẹ́sàn-án, ìfun ń kùn,
ojú ọ̀run lonígbèsè.
Ọjọ́ kẹwàá ló tó san án.
Dàkótà kan yọ láàárín òkè méjì,
ó rẹlẹ̀ débi pé wọ́n rí ẹsẹ̀ ẹni tó ń ta àpò ìrẹsì nípàá síta.
Àwọn àpò kan so mọ́ agbòjò funfun.
Ó gé nínú aṣọ náà, ó tẹ̀ ẹ́ sínú bàtà,
ó gbé e wálé. Ìyá bàbá mi fi ṣe ọ̀já.

Ṣùgbọ́n ó máa ń sọ pé ọwọ́ ọ̀tún ni ẹnu ọ̀nà yẹn wà.
Gbogbo àwòrán tí mo rí, òsì ni.
Oṣù mẹ́ta ni mi ò lè gé e.

Ìbíwùmí, ọmọ ẹlẹ́rọ ata, ló tú u.
Ó dùbúlẹ̀ gbalaja, ó gbé ọkọ̀ náà sókè orí rẹ̀,
ó yí imú rẹ̀ kọjú sí ara rẹ̀.
"Òsì rẹ̀ ni ọ̀tún mi," ló wí. "Ó ń bọ̀ lọ́dọ̀ mi ni."

Ogójì ọdún la fi ń sọ pé arúgbó ti gbàgbé.

Mo gé e sí òsì. Mi ò fi ìlẹ̀kùn sí i.
Mo lọ bá Àdùnbárìn, àbúrò bàbá mi, ní Èrèjà,
pé kó gé ọ̀já náà fún mi, ìwọ̀n èékánná péré.
Ó ní ṣé orí mi pé?
Aṣọ tó pọn ọmọ mẹ́fà, kí n fi ṣeré?
Aṣọ ìnujú ni mo lò. Ó nípọn jù.

Ó ti so rọ̀ láti àjà báyìí, imú rẹ̀ kọjú sí àga mi.
"Ṣé ó máa fò?" Mo ní rárá.
Bí ẹ̀rọ ata bá bẹ̀rẹ̀ sí í ké, tí páànù ń gbọ̀n,
mo máa ń lóṣòó sábẹ́ rẹ̀,
mi ò wá gbà gbèsè kankan.
Wáyà tó yẹ kó ti ìrù dé orí rẹ̀ ló kù.
Mi ò tíì rí irun tó tẹ́ẹ́rẹ́ tó.