Ogójì Dọ́là

Ní Huancavelica, níbi tí òkè ti ń forí kan ìkùukùu,
Eudosia Ccanto hú ọ̀dùnkún rẹ̀,
ó bá a tó ti dúdú láti inú wá,
tó ń rùn bí omi àná.
Ó pe ọmọ rẹ̀ ní yunifásítì Huancayo:
"Àwọn àlejò ìjọsí, tó bu erùpẹ̀ wa sínú ìgò,
tí wọ́n sùn ní yàrá wa, tí wọ́n tún bu ọbẹ̀ kún ọbẹ̀,
kí ni erùpẹ̀ sọ fún wọn?"

Ninfa wá a lórí kọ̀ǹpútà. Ó rí i.
Orúkọ abúlé wọn ló wà lókè gàdàgbà,
lẹ́yìn náà, àgádágodo kékeré kan:
san ogójì dọ́là kí o tó ka ìyókù.
Owó àgùntàn kan, tirun-tirun.

Kí ni kó wí fún ìyá rẹ̀?
Pé ẹni tó pọn omi fúnni ni yóò sanwó ife?
Ó ní, "Màmá, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa lónìí."

Teodomiro ló gbọ́, baba tó ń ṣọ́ àká ìwé yunifásítì,
tí kì í yára sọ̀rọ̀.
Ó kọ lẹ́tà sí Marijke Dewulf ní Ghent.
Ọjọ́ mọ́kàndínlógún, kí èsì tó dé:
"Ẹ má bínú. Mi ò mọ̀ pé ilẹ̀kùn wà níbẹ̀.
Láti ọ́fíìsì mi, ṣe ló máa ń ṣí fúnra rẹ̀."
Ó fi ìwé náà ránṣẹ́ bó ṣe kọ ọ́ fúnra rẹ̀,
tàṣìṣe-tàṣìṣe, kó tó wọ aṣọ oge.
Teodomiro gbé e sínú àká.
Kò sí kọ́kọ́rọ́. Kò sí iye.

Kò jí ọ̀dùnkún ọdún yẹn dìde; èyí tó rà ti rà.
Ṣùgbọ́n Ninfa kà á lórí fóònù, ó ń sọ ọ́ di Quechua
ní ìlà kọ̀ọ̀kan,
títí dé ojú ìwé kọkànlá, níbi orúkọ irúgbìn méjìdínlógún.
"Dúró," ni ìyá wí. "Ìkeje yẹn,
bẹ́ẹ̀ kọ́ ni mo ṣe pè é fún wọn."

Ninfa sáré sọ fún bàbá.
Ó rẹ́rìn-ín, eyín rẹ̀ kan ò sí níbẹ̀:
"Àká tí a ò tì,
ẹni tó bá wọlé á lè ṣa kòkòrò jáde.
Ìkeje, àbí? Bá mi pè é, díẹ̀díẹ̀."